Irin Tó Ń Gbé Bọ́ọ̀lù Jìnnà

Ní pápá gọ́ọ̀fù Bolingbrook, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú Chicago, ihò kan wà tó jẹ́ pé àárín omi ni wọ́n kọ́ gíríìnì rẹ̀ sí. Omi ló wà níwájú, omi ló wà lẹ́yìn, omi ló wà lọ́tùn-ún àti lósì. Bí bọ́ọ̀lù kò bá dé, ó ṣòfò. Bí ó bá kọjá, ó ṣòfò bákan náà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, torí pé ọ̀rọ̀ irin tí wọ́n dìídì ṣe fún jíjìnnà kì í yéni tán níbi ìdánrawò, níbi tí pápá ti tẹ́ lọ rẹrẹ tí kò sì sí ohun tó ń dá bọ́ọ̀lù dúró. Níbẹ̀, ẹni tó gbá a jìnnà jù ló ń yọ̀. Ṣùgbọ́n níwájú omi, ìbéèrè di méjì: ṣé yóò dé, ṣé yóò sì dúró?

Ọdún 2002 ni wọ́n ṣí pápá náà. Arthur Hills àti Steve Forrest ló yàwòrán rẹ̀, ìjọba ìlú Bolingbrook ló sì ni ín, kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn olówó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ẹnikẹ́ni tó bá san owó pápá lè gbá níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Jon Rahm ọmọ ilẹ̀ Spain gba ìdíje LIV ti àwọn tó fi gọ́ọ̀fù jẹun níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Dean Burmester ọmọ South Africa gbà á lẹ́yìn àfikún ihò tí wọ́n fi yanjú ọ̀mì. Omi kan náà tó dúró de àwọn wọ̀nyẹn ló ń dúró de nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́ òru, àti awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì tí àwọn ọmọ rẹ̀ ra ọ̀pá tuntun fún. Irin tó bá àwọn kan lára mu lè má bá àwọn kejì mu, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nọ́ńbà 7 tí wọ́n kọ sí abẹ́ irin ní òfin kan tó dè é. Kò ní. Àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù lágbàáyé, USGA àti R&A, sọ iye tí bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wúwo jù, ìyẹn gíráàmù 45.93. Wọ́n sọ bí kò ṣe gbọdọ̀ kéré tó, mìlímítà 42.67. Wọ́n fi gbèdéke sí bí ojú ọ̀pá ṣe lè ta bọ́ọ̀lù padà tó, wọ́n sì sọ bí àwọn ìlà tó wà lójú irin ṣe gbọdọ̀ rí. Wọ́n ní ọ̀pá 14 péré lèèyàn lè kó sínú àpò. Ṣùgbọ́n bí ojú irin 7 ṣe yẹ kó fẹ̀yìn tó, wọn kò fi òfin kankan dè é. Ẹni tó rọ irin ló ń pinnu.

Àpẹẹrẹ kan láti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo yóò fi í hàn. Ní ọdún 2019, Titleist gbé oríṣi irin méjì jáde. Ọ̀kan ni 620 MB, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n rọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá gan-an. Èkejì ni T300, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ojú irin 7 ti 620 MB fẹ̀yìn ní dígírì 35. Ti T300 fẹ̀yìn ní dígírì 29. Bí ẹ bá wá irin tó sún mọ́ dígírì 29 nínú àwọn 620 MB, àárín irin 5 tó jẹ́ 27 àti irin 6 tó jẹ́ 31 ni ẹ ó ti bá a. Wẹ́ẹ̀jì T300, ìyẹn irin tó tẹ̀ lé irin 9, sì jẹ́ dígírì 43, iye kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú irin 9 ti 620 MB. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ kan bá sọ fún yín pé irin 7 òun tuntun fi yáàdì 15 ju ti àtijọ́ lọ, òótọ́ ló lè máa sọ. Ṣùgbọ́n irin 6 àtijọ́ ló yẹ kó gbé e wọ̀n, kì í ṣe irin 7.

Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé ẹ̀tàn lásán ni irin jíjìnnà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan ni wọ́n pa dà, ẹ̀tàn ni ì bá jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wà nínú àkókò kékeré tí irin fi kan bọ́ọ̀lù.

Ìfarakanra yẹn kì í ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Orí irin 7 wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 270, bọ́ọ̀lù kò sì tó 46. Eré tí irin ń sá bọ̀ pín sí ọ̀nà méjì lójú bọ́ọ̀lù: apá kan ń tì í lọ síwájú, apá kejì ń họ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sókè, òun ló sì ń mú kí bọ́ọ̀lù pòòyì. Bí ojú irin bá fẹ̀yìn ní dígírì 35, nǹkan bí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún eré náà ló ń bọ́ sí títì. Bó bá jẹ́ dígírì 29, ó di ìdá 87. Lóòótọ́, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń ṣíwájú orí irin díẹ̀ nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù, èyí sì ń dín ìfẹ̀yìn náà kù lórí irin méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn kò ṣí kúrò níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin kejì yóò yára jáde, kò ní ga tó ti àkọ́kọ́ bó ṣe ń gbéra, kò sì ní pòòyì tó o.

Ohun tó kàn ni wàhálà tó bá a rìn. Bọ́ọ̀lù tó gbéra nílẹ̀ nílẹ̀ tí kò sì pòòyì púpọ̀ kì í ròkè. Bó bá dé ilẹ̀, sísá ló máa ń sá lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dín ìfẹ̀yìn ojú irin kù gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tí yóò gbé bọ́ọ̀lù sókè. Ohun náà ni ibi tí ìwúwo irin wà. Bí wọ́n bá kó ìwúwo náà lọ sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn orí irin, bọ́ọ̀lù yóò gbéra ga ju bí dígírì ojú irin ṣe sọ lọ. Àwọn aṣerin máa ń fa ojú irin tín-ín-rín kí wọ́n lè rí ìwúwo fi sísàlẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń fi tungsten, irin tó wúwo ju irin lásán lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, sí igun ìsàlẹ̀. Karsten Solheim, ẹnjiníà tó dá Ping sílẹ̀ ní ọdún 1959, ti kọ́ àwọn ènìyàn ní apá mìíràn nínú ọgbọ́n yìí tipẹ́: ó kó ìwúwo lọ sí etí irin yí ká, kí orí irin má baà lọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù kò bá kan àárín rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kò fi gbogbo ìgbà gbá a dáadáa ti ń rí àánú gbà lọ́wọ́ irin.

Chicago ní ọwọ́ nínú ìtàn yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Ní Wheaton, tí kò jìnnà sí Bolingbrook, ni Chicago Golf Club wà, ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ní pápá oníhò 18 ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1893, kó tó kó lọ sí Wheaton. Ilé iṣẹ́ Wilson pẹ̀lú, Chicago ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn apẹran ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1913, lábẹ́ orúkọ Ashland, láti fi ìfun ẹran tó ṣẹ́ kù ṣe okùn rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì, okùn fayolíìnì àti òwú tí dókítà fi ń rán ojú ọgbẹ́. Nígbà tó yá, Thomas E. Wilson gba ìdarí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ di òní. Ìlú tó ń pa ẹran fún gbogbo Amẹ́ríkà nígbà yẹn ló sọ ìfun ẹran di ohun eré ìdárayá, mo sì ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tó wù mí jù lọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú náà.

Wilson yìí náà ni ó ní ìdílé irin kan tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D, tí wọ́n ṣe fún jíjìnnà. D7 jáde ní ọdún 2019, D9 tẹ̀ lé e ní ọdún 2021. Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí lára D7 ni àwọn ihò tóóró tí wọ́n gbẹ́ sí abẹ́ irin, tí wọ́n sì fi rọ́bà kan tó ń jẹ́ urethane dí. Iṣẹ́ ihò yìí ni láti dá ojú irin sílẹ̀ díẹ̀ lára ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó lè rọ̀ sẹ́yìn nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù, kó sì ta á padà, pàápàá nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ìsàlẹ̀ ojú irin. Rọ́bà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí wọlé, ó sì ń dín ariwo àti gbígbọ̀n kù. Àwọn irin gígùn ní ìlà ihò púpọ̀ ju àwọn kúkúrú lọ. Ó bọ́gbọ́n mu: orí irin 5 lèèyàn ti ń wá yáàdì, kì í ṣe orí wẹ́ẹ̀jì.

Kí wá ni àwọn tó ń gbá irú irin báyìí ń rí? Bí a bá tẹ́tí sí wọn níbi ìdánrawò, ọ̀rọ̀ wọn máa ń jọra ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ó rọrùn láti gbé sókè, pé bọ́ọ̀lù tí wọn kò gbá re pàápàá ń dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Àwọn tó ti mọ́ lára láti máa fi irin pẹlẹbẹ gbá á ní kò dùn lọ́wọ́, pé ó ń dún ṣákálá, pé òkè rẹ̀ nípọn lójú. Ọ̀rọ̀ adùn lọ́wọ́ yìí kò yẹ ká fojú kéré rẹ̀, torí ọwọ́ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá fi ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ti kan irin. Ṣùgbọ́n èmi kò ní jẹ́ kí ó di ọba lórí ẹni tó ń gbá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ lórí pápá gidi, ọ̀nà wọn á pínyà. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò yára mọ́ á máa dúpẹ́. Irin 7 rẹ̀ ti ń gbé e dé ibi tó jẹ́ pé irin tó gùn jù ú lọ ló ń fi débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́ alágbára á bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé bọ́ọ̀lù kan lọ bó ṣe yẹ, òmíràn sì fi yáàdì 10 kọjá láìsí ìdí. Ìdí wà. Nígbà tí koríko bá há sáàárín irin àti bọ́ọ̀lù, ojú irin kì í lè họ bọ́ọ̀lù dáadáa. Pípòòyì rẹ̀ á já wálẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì fò ré kọjá. Gbogbo irin ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí pípòòyì bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń ta, kò ní ohun púpọ̀ tó lè pàdánù kí bọ́ọ̀lù tó ya olóríkunkun.

Nọ́ńbà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju iye yáàdì lọ: igun tí bọ́ọ̀lù fi ń bọ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ TrackMan, tó ń fi rédà tọpa bọ́ọ̀lù, ti gbé ìpíndọ́gba àwọn tó fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà jáde nígbà kan. Fún àwọn ọkùnrin, irin 7 ń sáré ní máìlì 90 ní wákàtí kan, bọ́ọ̀lù ń gbéra ní dígírì 16.3, ó ń pòòyì ní ìgbà 7,097 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń kọ́kọ́ balẹ̀ ní yáàdì 172, igun tó fi ń bọ̀ sì jẹ́ dígírì 50. Fún àwọn obìnrin, irin ń sáré ní máìlì 76, bọ́ọ̀lù ń gbéra ní dígírì 19, ó ń pòòyì ní ìgbà 6,699, ó ń balẹ̀ ní yáàdì 141, igun rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 47. Ẹ wò ó dáadáa. Eré irin àwọn obìnrin fi máìlì 14 dín, bọ́ọ̀lù wọn sì fi yáàdì 31 kúrú, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ̀ sílẹ̀ ní igun kan náà. Gbígbé e sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún gbogbo ẹni tí irin rẹ̀ kò yára, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin: gíga ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá. Irin jíjìnnà tó bá gbé bọ́ọ̀lù ga yóò ṣe yín lóore. Èyí tó bá kàn gùn ún ní kẹ́ṣẹ́ nílẹ̀, tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ní dígírì 38 tàbí 40, kò ní lè dúró lórí gíríìnì tí omi yí ká, bó ti wù kó jìnnà tó.

Ó yẹ kí n sọ ti àwọn ará wa tó kọ́ gọ́ọ̀fù ní ilé kí wọ́n tó dé agbègbè Chicago. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ pápá ló lo ọdún gbọọrọ láìní gíríìnì oníkoríko. Iyanrìn tí wọ́n po òróró mọ́ ni wọ́n tẹ́ sí ìdí ihò, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bíráùnù. Ẹni tó bá dàgbà sórí bíráùnù mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ níwájú, kó sì sáré wọlé fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì ṣì wúlò lórí ihò tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. Kò wúlò lórí omi.

Afẹ́fẹ́ náà tún ń bẹ. Ní Ìkòyí, oòrùn lè mú afẹ́fẹ́ dé dígírì 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Bolingbrook, ní òwúrọ̀ oṣù Kẹrin, ó lè jẹ́ dígírì 5. Afẹ́fẹ́ tútù yẹn fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nípọn ju ti Ìkòyí lọ, bọ́ọ̀lù sì gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ le nínú òtútù, kì í ta bó ṣe yẹ. Aṣọ òtútù sì ń dí èjìká lọ́wọ́. Ẹni tó ra irin tuntun nínú gbọ̀ngàn tó móoru ní oṣù Kejì, tó kọ yáàdì 160 sínú ìwé, á dé etí omi ní oṣù Kẹrin, á sì rò pé wọ́n tà á ní irin búburú. Irin náà kò yí pa dà. Ojú ọjọ́ ló yí pa dà, a sì gbọ́dọ̀ wọn irin wa lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà òtútù àti nígbà ooru.

Àlàfo wẹ́ẹ̀jì ni ohun tí àwọn tó ń tajà kì í sábà kọ́kọ́ sọ. Bí wẹ́ẹ̀jì tó bá irin yín wá bá jẹ́ dígírì 43, tí wẹ́ẹ̀jì iyanrìn tó ti wà nínú àpò yín tẹ́lẹ̀ sì jẹ́ 56, dígírì 13 ló ṣófo láàárín wọn. Lórí irin 620 MB tí mo mẹ́nu bà lókè, dígírì mẹ́rin péré ló wà láàárín irin 7 àti 8, mẹ́rin láàárín 8 àti 9. Ẹ wo iye yáàdì tí dígírì 13 máa gbé mì, níbi tí gọ́ọ̀fù ti ń fẹ́ ìṣọ́ra jù lọ. Ẹ ó ní láti ra wẹ́ẹ̀jì kan sí i, nígbà mìíràn méjì, kí ẹ sì yọ irin gígùn kan kúrò kí àpò má baà ju 14 lọ. Owó irin jíjìnnà kò parí síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó fẹ́ rà nìyí, yálà ní Bolingbrook ni tàbí ní Ìkẹjà. Ẹ gbé irin yín àtijọ́ dání lọ. Ẹ béèrè dígírì irin tuntun, kí ẹ sì fi í wé èyí tó sún mọ́ ọn nínú ti àtijọ́, láìka nọ́ńbà sí. Ẹ má ṣe mú bọ́ọ̀lù tó jìnnà jù ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ gbá a títí tí ara yóò fi balẹ̀, kí ẹ wo ibi tí púpọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ balẹ̀ sí àti bí wọ́n ṣe tàn káàkiri tó. Ẹ béèrè igun tí bọ́ọ̀lù fi ń bọ̀. Bó bá tó dígírì 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ kò sì pàdánù ìdúróṣinṣin, ẹ rà á, kí ojú má tì yín pé ẹ kò gbá irin pẹlẹbẹ. Bí kò bá tó, ẹ bi wọ́n bóyá fífi ọ̀pá tó fúyẹ́ sí orí irin kan náà lè gbé e ga sí i. Bí kò bá ṣeé ṣe síbẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn, kí ẹ sì fi owó yín sanwó olùkọ́.